Ìkíni ní Kọ́nà Pak-kung

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣubú lórí alùpùpù lẹ́tà mi ní kọ́nà Pak-kung nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn. Àkọ́kọ́ jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Èkejì jẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bíi wákàtí kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́tà mẹ́rìnlélógún ló dà sínú gọ́tà. Mo ṣà wọ́n, mo fi inú ẹ̀wù mi nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pín gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún òsì mi bó, dígí alùpùpù fọ́, lẹ́tà kan sì bá omi lọ. Mi ò rí i títí dòní.

Ọ̀gá Phang, olórí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, kì í ṣe ẹni tí í pariwo. Ó wo orúnkún mi, ó wo alùpùpù, ó ní:

"Kwui-fong, oṣù mẹ́ta tí a fi ń dán ọ wò á pé ní Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́ oṣù. Lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an á gun máṣíìnì tẹ̀ lé ọ láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé ìkẹyìn. Bí o bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀nà òkè á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnìkan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ o."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń so gílóòbù wẹ́wẹ́ mọ́ wáyà. Ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Títì la bá a nígbà tí a dé iwájú rẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọdún mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí n tó ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ lẹ́tà. Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn a máa já mi sílẹ̀ lẹ́nu afárá. Láti afárá dé ilé wa, ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ìṣísẹ̀ ni, òkè sì ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọ̀nà òkè Mukliau lé mi lọ́wọ́, ilé mẹ́rìndínláàádọ́ta, kọ́nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi gbogbo atẹ́gùn orí òkè náà ta mí lọ́rẹ. Mi ò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kọ́nà Pak-kung ni ìkẹtàlá bí a bá ń ti òkè bọ̀. Ó yí sí òsì, ó sì yí gan-an, bí apá ẹni tó gbé ọmọ mọ́ra. Igi thung ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì níbẹ̀. Bí oṣù kẹrin bá ti ń parí lọ, òdòdó funfun wọn a máa já bọ́ lódindi, títí ọ̀nà á fi funfun báláú. Àwọn ará ìlú ńlá a wá ya fọ́tò. Àwọn àgbà abúlé sì ti gbé pátákó síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá a. Ó rẹwà, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, kí ẹsẹ̀ èèyàn sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́bẹ́: ọṣẹ tó sùn sínú omi kò yọ̀ tó o.

Létí ọ̀nà, lápá ọ̀tún, níbi tí kọ́nà ti yọ ikùn síta, ni ilé Pak-kung wà. Pak-kung, ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá, ni àwa ẹ̀yà Hakka ń pe òrìṣà tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Ilé rẹ̀ kò ga ju ìbàdí mi lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Mukliau tí í kọjá níwájú rẹ̀ láì yíjú sí i kí ó sì tẹrí ba. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á dúró. Ẹni tó ń gun máṣíìnì á tẹrí ba lórí máṣíìnì. Àgbàlagbà ni. Ta ní í kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òpó iná?

Nítorí náà, nígbà tí mo ṣubú níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo abúlé ti mọ ohun tó fà á kí n tó dìde nílẹ̀.

"Pak-kung ń bínú sí ọ ni," Ìyá Chiu tó ní ìsọ̀ ní oríta ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìkíni oní-lẹ́tà lo máa ń kí i. O ti kí i tán kó tó gbọ́."

"Mo máa ń tẹrí ba, Ìyá Chiu."

"Báwo lo ṣe ń tẹ orí ọ̀hún ba? Jẹ́ n rí i."

Mo ṣe é kó rí i.

"Ìyẹn náà ni títẹrí ba? Bí ẹni tí eṣinṣin bà lé nímú! Tẹ̀ ẹ́ ba dáadáa. Wò ó lójú. Àgbà fẹ́ kí wọ́n wo òun lójú kó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, mo ra ọsàn mẹ́fà, mo gbé wọn síwájú Pak-kung nígbà tí mò ń lọ sókè. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo tẹrí ba títí akoto mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ alùpùpù, mo sì wò ó lójú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ni mo fi gba ara mi, bàtà mi sì fa ìlà gígùn kan sáàárín òdòdó. Nígbà tí Ìyá Chiu gbọ́, ó ní ọsàn kíkan ni mo gbé lọ.

Ìyá ọkọ mi, Lo Tshoi-moi, ló gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà oúnjẹ alẹ́. Àwa méjèèjì péré là ń gbé ilé, nítorí orí ọkọ̀ òkun ni ọkọ mi ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Wọ́n ti ń gun alùpùpù kí a tó bí mi; oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi í kó, korobá méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Wọ́n gbé àwo ìrẹsì wọn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ọsàn kì í di táyà mú."

"Ìyá Chiu ní Pak-kung ló ń bínú."

"Ìyá Chiu! Ìyá Chiu tó fi máṣíìnì ọkọ rẹ̀ gun ògiri ilé ìwé? Òun ló wá di olùkọ́ rẹ?"

"Kí ni kí n ṣe, Màmá?"

"Má ṣe nǹkankan. Jẹun. Lọ́la, èmi á lọ bá Pak-kung jókòó."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé àpótí kékeré, agbòjò aláwọ̀ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wọn, àti ife tíì kan tó ní ìdérí, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Pak-kung bí ìyá onílé. Òjò ń wẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n tó padà wálé. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó. Máṣíìnì mọ́kàndínlógójì ni mo kà. Àwọn ọmọ ìlú ńlá tó wá ya fọ́tò, wọn ò mọ Pak-kung rí, wọn ò kí i: wọ́n kọjá wẹ́rẹ́. Ajíhìnrere Fan, tí Jésù kò jẹ́ kó kí i: ó kọjá wẹ́rẹ́, ó tún ń kọrin. Ó wá kan àwa olùfọkànsìn! Ọkùnrin tó ń ta gáàsì gbọ̀n rìrì bí ẹni tí otútù mú. Ọmọ ìdílé Tseng fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa ilẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àbúrò mi ọkùnrin gan-an, àgbà òfìfo yẹn, ó tẹrí ba fún Pak-kung, ó wọ inú koríko, ó sì kí èmi náà látinú koríko."

"Ṣé àwọn tí kì í kí i ni Pak-kung wá fẹ́ràn ni?"

"Kí ni wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ nílé ìwé alẹ́ yẹn? Pak-kung kò ṣe yín ní nǹkankan! Ìkíni yín ló ń gbé yín ṣubú." Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni di ọwọ́ alùpùpù mú. "Wò mí. Ọ̀nà ń yí sí òsì. Ìwọ ń wo Pak-kung ní ọ̀tún. Orí rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, èjìká tẹ̀ lé orí, ọwọ́ tẹ̀ lé èjìká, táyà tẹ̀ lé ọwọ́. Ibi tí ojú bá lọ ni máṣíìnì ń lọ, bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, táyà á bá ọ jà, á fà ọ́ padà. Nígbà tí òdòdó tútù wà nílẹ̀, kí ni á fi jà? O rí i pé ò ń lọ sínú gọ́tà, ẹ̀rù bà ọ́, o kan bíréèkì. Ó parí."

Mo rántí. Nínú ìṣubú méjèèjì, ohun tí mo rí kẹ́yìn kí n tó kan ilẹ̀ ni aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà Pak-kung. Mo rí i kedere débi pé mo lè sọ iye ìṣẹ́po tó wà lára rẹ̀. Mẹ́rin ni.

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò lè má kí i."

Wọ́n mi orí.

"Ó dáa. O ò lè má kí i. Wọ́n á ní ìyàwó ilé Yap kò lẹ́kọ̀ọ́, èmi ni wọ́n á sì bú. Lọ́la, a ó lọ bi òun fúnra rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gún ìrẹsì alálẹ̀mọ́ lódó títí ó fi fà bí iyán, a gé e wẹ́wẹ́, a fi ẹ̀pà lílọ̀ bò ó. A bu tíì sí ife mẹ́ta, a gbé wọn lọ síwájú Pak-kung, a sì tan tùràrí. Ìyá ọkọ mi mú igi ìbéèrè méjì tó wà lẹ́sẹ̀ Pak-kung, àwọn tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá, tí wọ́n pẹ̀lẹ́bẹ́ níkùn, tí wọ́n sì yọ gọgọ lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá da ikùn délẹ̀ tí èkejì sì dẹ̀yìn délẹ̀, ó gbà. Bí ikùn méjèèjì bá délẹ̀, ó kọ̀. Bí ẹ̀yìn méjèèjì bá délẹ̀ tí wọ́n ń mì jẹ̀lẹ̀ńkẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín.

"Pak-kung, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Lo Tshoi-moi ni, ìyá àgbà ilé Yap. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi rèé. Ó ń ṣubú níwájú yín, kò sì yẹ yín, kò yẹ òun náà. Ní àsìkò òdòdó yìí, ṣé kí ó má kí yín mọ́?"

Wọ́n da igi náà. Ikùn méjèèjì ló délẹ̀.

"Ó kọ̀," ni mo ní.

"Kí lo rò tẹ́lẹ̀? Èmi náà ì bá kọ̀." Wọ́n ṣà wọ́n. "Pak-kung, mo ti tún un sọ. Ẹ wo ibi òparun lókè yẹn, níbi tí ọ̀nà ṣì tọ́. Ṣé kí ó kí yín látibẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ẹ̀yìn méjèèjì délẹ̀, wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," ìyá ọkọ mi ní. "Inú mi dùn pé inú yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn, òjò ń pa wá."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan dojú dé, èkejì dẹ̀yìn. Ó gbà. Ìyá ọkọ mi fi ẹnu kan ìrẹsì kan kí èéfín tùràrí tó tán, wọ́n ní Pak-kung ti jẹ tirẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Wọ́n lọ dúró sí ibi tí kọ́nà ti parí, níbi tí ọ̀nà ti tún tọ́, wọ́n ṣí agbòjò wọn, wọ́n sì pariwo:

"Èmi ni kí o máa wò! Láti ibi òparun, èmi! Mo lẹ́wà ju gọ́tà lọ!"

Mo gun òkè, mo yí padà, mo sọ̀ kalẹ̀. Ní ibi òparun mo tẹrí ba, mo ní, "Pak-kung, ẹ kú àárọ̀." Nígbà náà ni mo rí i pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti máa fa bíréèkì láti ìgbà tí mo ti ń gun ọ̀nà náà, nígbà tí alùpùpù ṣì dúró ṣánṣán. Mo fà á, mo sọ jíà kalẹ̀, mo gbé ojú sí agbòjò.

"Apá rẹ gan bí ẹja gbígbẹ!" wọ́n ké nígbà tí mo kọjá. "Ta lo fẹ́ fi ìṣó kàn mọ́ ọwọ́ máṣíìnì yẹn? Tún un ṣe!"

Mo tún un ṣe.

"O fọwọ́ kan bíréèkì nínú kọ́nà! Mo rí iná ẹ̀yìn rẹ! Bí o bá ti fẹ́ bẹ̀rù, bẹ̀rù níbi òparun kí o bẹ̀rù tán. Tún un ṣe!"

Mo tún un ṣe.

"Kúrò lórí ìlà funfun! Ọ̀dà ni, ó ń yọ̀ ju òdòdó lọ. Wá ipa táyà mọ́tò, wọ́n ti bá ọ gbá ibẹ̀, pátákó àwọn àgbà kò dá táyà mọ́tò dúró. Orúnkún ni kí o fi di táńkì mú. Jẹ́ kí máṣíìnì dúró ṣánṣán, kí ara rẹ fì sí òsì. Bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀... áà, o tún wo Pak-kung."

"Mo kàn yọjú wò ó ni, Màmá!"

"O ti kí i tán! Kí lo tún gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìgbà kẹsàn-án, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Mo kí, mo fa bíréèkì, mo tú u sílẹ̀, mo gbé ojú sí ibi tí mò ń lọ, ọwọ́ mi sì rọ̀ bí ẹni di ẹyẹ mú. Mo fún un lépo díẹ̀, díẹ̀ ṣá. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ bí ìbú ìka kan, ó sì padà fúnra rẹ̀ nítorí mi ò bá a jà. Alùpùpù yí gba ààrin funfun náà kọjá bí omi ṣe ń yí gba ara òkúta. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń kígbe ayọ̀ nínú akoto mi. Ohùn mi ni.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ìyá ọkọ mi ń fò níbi tí wọ́n wà, agbòjò ń fò pẹ̀lú wọn. "Ilẹ̀ ń yọ̀, àwa náà ń yọ̀!"

Nígbà yẹn àwọn tó wá ya fọ́tò ti kúrò lọ́dọ̀ òdòdó, àwa ni wọ́n ń yà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi bóyá ìyá àgbà fúnra wọn lè gùn ún. Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ti ń retí láti àárọ̀. Wọ́n gba akoto mi, wọ́n dé e lé gèlè, wọ́n fi bàtà rọ́bà gun alùpùpù lẹ́tà, wọ́n lọ sókè. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n kí Pak-kung níbi òparun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì gba kọ́nà náà bí ẹni fi aṣọ nu tábìlì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n bọ́ akoto, wọ́n ní:

"Kò sí korobá lára rẹ̀ ni. Ó fúyẹ́ jù."

Ọjọ́rú dé. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni òjò ti ń rọ̀. Mo bẹ ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má wá síbi kọ́nà. Mo ní bí mo bá rí wọn, màá rẹ́rìn-ín. Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ọ̀gá Phang gun alùpùpù tirẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ọmọ Hakka ni òun náà, láti abúlé ẹ̀bá odò, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti gun òkè kẹ́yìn. Ní ilé kọ̀ọ̀kan á dúró, á wo aago, á kọ nǹkan sínú ìwé kan tó fi ọ̀rá bò. Ilé ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n tán. Kọ́nà kejìlá tán. Mo rí òparun.

Bí mo bá ṣubú níbí, màá padà lọ so gílóòbù mọ́ wáyà níbi tí wọ́n bá ti gbà mí. Mo fa bíréèkì. Mo tẹrí ba. "Pak-kung, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú òjò." Mo tú bíréèkì sílẹ̀, mo gbé ojú kúrò lára aṣọ pupa yẹn, mo fi í sí ibi tí agbòjò máa ń wà. Kò sí agbòjò níbẹ̀, ọ̀nà títọ́ tó tutù nìkan ló wà. Ó tó. Mo fì sí òsì, mo wọ ipa táyà mọ́tò, òdòdó ń fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì, mo sì jáde.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohun kan: fẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ tútù lórí àpáta. Lẹ́yìn náà, fèrè alùpùpù kan tó ń dún tí kò dákẹ́.

Mo dúró, mo sáré padà. Alùpùpù ọ̀gá dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, òdòdó bò ó láti orí akoto dé ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá! Ṣé ẹ farapa?"

"Rárá." Ó wo ilé Pak-kung. "Mo kí i ni."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Mo kí i dáadáa. Mo wò ó lójú."

"Ìyẹn gan-an ni, ọ̀gá."

Mo gé ètè mi jẹ kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó wá gbòòrò, títí tó fi ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ tí òdòdó sì ń ta sókè. Èmi náà bá a rín in. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òparun fún un níbi tó jókòó sí, ó sì gbọ́ ọ parí kó tó dìde.

Ọwọ́ bíréèkì alùpùpù rẹ̀ ti ṣẹ́. Ogún ilé ló kù, lẹ́tà àwọn ogún ilé náà sì wà nínú àpò mi.

"Máa lọ," ó ní. "Màá fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹ ó tẹ̀ lé mi dé ilé ìkẹyìn."

Ó wò mí. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù mi, lórí irin tí a máa ń di ẹrù lé. Mo gbé àpò kan fún un kó gbá a mọ́ àyà.

Ní kọ́nà kẹrìnlá, ó fì sí òdìkejì, bí ẹni tó fẹ́ sá kúrò nínú ọ̀nà. Alùpùpù ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo bá fì sí ni kí ẹ fì sí."

"Ibi tí o fì sí yẹn, ilẹ̀ ni!"

"Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ wo ibi tí a ń lọ."

"Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń rí, Kwui-fong. Kò sí ibòmíràn tí mo rí!"

Ní ilé Bàbá Chung, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, lẹ́tà wà tó gbọdọ̀ fi òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ gbà. Ó wá òǹtẹ̀ náà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú ìkòkò tíì, nínú bàtà. Inú bàtà ló wà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó na ìka sí ọ̀gá tó jókòó sórí irin, tí omi ń kán lára rẹ̀, tí òdòdó wà létí rẹ̀.

"Ta nìyẹn tí o dì sẹ́yìn?"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dáhùn:

"Ẹrù ni mí, bàbá. Wọn ò kọ àdírẹ́sì mi dáadáa."

"Gbé e padà o," Bàbá Chung sọ fún mi. "Mi ò fòǹtẹ̀ lu ìyẹn."

A ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní kọ́nà ogún, ó ti mọ bí a ṣe ń fì. Ní kọ́nà kẹrìnlélógún, ó gbàgbé. Kọ́nà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló le jù lọ ní gbogbo ọ̀nà òkè: ó yí sí ọ̀tún bí ìwọ̀ ẹja, irin ìdérí gọ́tà gùn gbọọrọ gba àárín rẹ̀, irin náà sì ń dán bí dígí nínú òjò. Mo fa bíréèkì nígbà tí ọ̀nà ṣì tọ́, mo yan ibi tí màá ti gba orí irin náà kọjá láì fì. Mo gbọ́ tí ọ̀gá gba èémí sínú. Apá rẹ̀ méjèèjì dì mọ́ ìbàdí mi pinpin, àpò lẹ́tà tẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

"Kwui-fong! Ọ̀nà òkè yìí, tìrẹ ni! Tìrẹ ni, mo búra! Ṣáà rọra!"

Inú kọ́nà ni mo wà, ojú mi sì wà níbi tí mò ń lọ. Táyà iwájú kan irin, ó kọjá. Táyà ẹ̀yìn kan irin, ó yọ̀ díẹ̀, ó ronú sí i, ó kọjá. Nígbà tí ọ̀nà tọ́, mo fún un lépo.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

"Ṣé a ti kọjá?" Mo mọ̀ látinú ohùn rẹ̀ pé ó di ojú.

"A ti kọjá. Ó ku mẹ́rin."

"Mẹ́rin!" ni ọ̀gá ké, ó sì tún dì mọ́ ìbàdí mi, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.